Àrokò tàbí Òfófó? Èrò Kan lórí Èdè-Ìperí Sáyẹ́ǹsì

Nígbà tí a bá ń ṣàlàyé kẹ́míkà tí ewéko ń tú jáde, tí bakitéríà inú ilẹ̀ sì ń dá mọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó tètè ń wá síni lẹ́nu ni àrokò. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé kò yẹ kí a lò ó fún gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Agrobacterium tumefaciens, bakitéríà tí ó ń mú kí kókó yọ lára igi ápù àti òdòdó róòsì. Ní 1985, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé acetosyringone wà lára àwọn kẹ́míkà tí ó ń ta á jí. Ojú ọgbẹ́ ewéko ni kẹ́míkà yìí ti ń jáde. Èròjà kan tí ó wà lára awọ bakitéríà náà, VirA, ni ó ń gbúròó rẹ̀, tí yóò sì ta VirG tí ó wà nínú lólobó. VirG ni ó ń jí àwọn jíìnì tí bakitéríà fi ń ki díẹ̀ nínú DNA tirẹ̀ bọ inú ewéko. Lẹ́yìn èyí, kókó á yọ, ewéko á sì máa pèsè oúnjẹ fún ọ̀tá ara rẹ̀. Àwọn àgbà ṣáà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Èyí kì í ṣe àrokò. Àrokò ní olùránṣẹ́, ó sì ní ìdí tí a fi rán an. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni fà sí ẹnìkejì. Ẹnìkejì á fi mẹ́jọ dáhùn pé èrò àwọn jọ. Ewéko tí ó gbọgbẹ́ kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọgbẹ́ rẹ̀ ni ó ṣòfófó rẹ̀.

Ìdí gbòǹgbò ẹ̀wà ni àrokò ti bá a mu. Ẹ̀wà ń tú flavonoid sínú ilẹ̀. Bradyrhizobium dá a mọ̀, ó sì fi kẹ́míkà tirẹ̀ fèsì. Gbòǹgbò á gbà á lálejò, á máa bọ́ ọ. Àlejò náà á máa sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di ohun tí ẹ̀wà lè lò.

Àbá wa ni pé kí àmì jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogboogbò. Kí a fi àrokò sílẹ̀ fún èyí tí ó ní èsì àti àǹfààní tọ̀tún-tòsì. Kí a sì pe èyí tí ọ̀tá fi ń rí ọ̀nà wọlé ní òfófó ọgbẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni yóò kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sọ fún ọmọdé pé ewéko ni ó ránṣẹ́ pe àrùn, irọ́ ni a kọ́ ọ. Bí a bá sọ fún un pé ọgbẹ́ ni ó tú u fó, yóò mọ ìdí tí àgbẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ọkọ́ má ṣe ṣá gbòǹgbò.