Bí Olùrà Bá Ní Kí A Tún Ilé Ṣe

Ẹ̀yin onílé, bí ẹ bá ń ta ilé, tí olùrà sì mú káfíńtà àti bíríkìlà wá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má ṣe bínú. Nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, olùrà ni kí ó la ojú ara rẹ̀.

Bí ó bá ní òrùlé ń jò, tí ikán sì ti jẹ igi àjà, ẹ pe oníṣẹ́ tiyín kí ó díye lé e. Ohun tí ó lè wó ilé ni kí ẹ jọ sọ. Ọ̀dà tí ó ti ṣá kò tó ọ̀rọ̀.

Ó sàn kí ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò nínú owó ilé ju kí ẹ tún un ṣe lọ. Bí ẹ bá tún un ṣe tí olùrà sì yẹ àdéhùn, owó yín ti há. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọ̀dà bo ògiri tí ó ti lanu. Òfin kan náà kò dáàbò bo ẹlẹ́tàn. Ilé-ẹjọ́ lè tú títà náà ká. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.