Reluwé Mile 2 sí Okokomaiko: Owó Ta Ni Wọ́n Fi Ń Kọ́ Ọ?

Ẹni tó bá fẹ́ ti Apple Junction wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Marina gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí dánfó dé Mile 2. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ Blue Line láti 4 September 2023 tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ibùdókọ̀ Festac tí àwa ará Amuwo-Odofin ń retí wà nínú ìpele kejì, èyí tí yóò gba Alakija àti Trade Fair kọjá dé Okokomaiko.

Kìlómítà 27 ni gbogbo rẹ̀. Ìgbà Gómìnà Fashola ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà ló gba kọ́ńtíráàtì. Ambode jẹ gómìnà, ó lọ. Sanwo-Olu ló wà níbẹ̀ nígbà tí kìlómítà 13 àkọ́kọ́ parí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní wọ́n ti kó owó jẹ ni. Èmi ò lè jẹ́rìí sí ohun tí mi ò rí. Ohun tó hàn ni pé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni, kì í ṣe ti Àbújá. Owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wa àti gbèsè tí ìpínlẹ̀ ń jẹ ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí owó bá ṣe wọlé ni iṣẹ́ ń rìn, bẹ́ẹ̀ wọ́n tún ní láti ṣe afárá gba orí omi wọ Marina. Ní 2010, dọ́là kan kò ju bíi náírà 150 lọ. Ní 2024 ó ti kọjá 1,400. Òkè òkun sì ni ọkọ̀ rẹ̀ ti wá.

Ẹ wo Red Line, Agbado sí Oyingbo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní April 2021, wọ́n ṣí i ní 29 February 2024. Ó yá nítorí pé ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí ìjọba àpapọ̀ ti fi gbèsè China Exim Bank ṣe, ni wọ́n ń lò.

Àmọ́ iṣẹ́ tó falẹ̀ ṣì sàn ju èyí tí wọ́n pa tì. Ní 1983, Alhaji Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ Metroline. Ní 1985, ìjọba ológun Buhari fagi lé e, Èkó sì pàdánù ohun tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là. Buhari yìí kan náà ló wá ṣí Blue Line ní 24 January 2023. Kí Ọlọ́run forí jin àwọn méjèèjì.

Èmi gẹ́gẹ́ bí àáfáà, ọ̀rọ̀ èlé ló ń kọ mí lóminú jù. Gbèsè elélé máa ń wú ni, ọmọ wa ni yóò sì san án. Sukuk wà: ẹni tó ra ìwé rẹ̀ ní ìpín nínú ohun tí wọ́n kọ́, ìjọba á sì máa san owó ìyálò fún un, kì í ṣe èlé. Ọ̀ṣun fi bílíọ̀nù 10 náírà rẹ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ní 2013. Ìjọba àpapọ̀ ti ń fi ṣe títì láti 2017. Reluwé tí èrò ń sanwó wọ̀ lójoojúmọ́ bá a mu ju ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Bí aṣojú yín ní Alausa bá tún wá sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ bi í: èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Mile 2 sí Okokomaiko lọ́dún yìí, èló ni wọ́n ti san nínú rẹ̀, èló sì ni èlé tó wà lórí èyí tí wọ́n yá?