Ta Ni A Ń Tan Iná Fún?

Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ pé àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá, ojú ọ̀run ni ó ti kọ́ ọgbọ́n rẹ̀. Àgùàlà ṣì wà níbẹ̀ lónìí, nítorí pé iná ìlú kò lè borí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìràwọ̀ funfun tí ó la òfuurufú já ńkọ́? Ìwádìí àgbáyé tí a tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn ayé tí kò lè rí i mọ́ láti ibùgbé wọn. Kí ọmọ Ẹ̀gbá dúró sí Kútọ̀ ní alẹ́ tí iná wà, kí ó gbójú sókè wò ó.

Àwọn kan ní ohun tí ojú kò rí, ẹ̀rọ yóò rí i. Òótọ́ díẹ̀ ni. Ẹni tí ń ya fọ́tò ìràwọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lè ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán, kí kọ̀ǹpútà pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ó sì lè fi gíláàsì tí ń sẹ́ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ sí kámẹ́rà. Gíláàsì yìí dára fún ìkùukùu gáàsì tí ń tàn pupa, nítorí àwọ̀ kan náà ni ó ń jẹ́ kí ó wọlé. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọ̀ ni ó wà nínú ìmọ́lẹ̀ àgbájọ ìràwọ̀ ọ̀nà jíjìn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú iná LED funfun tí a ń rì mọ́ ojú títì. Asẹ́ wo ni yóò ya èkíní kúrò lára èkejì? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò kì í dí wa lọ́wọ́ náà sì ni eruku ọyẹ́ ń tan ìmọ́lẹ̀ ìlú ká ojú ọ̀run.

Wọn a tún bèèrè pé, olè ńkọ́? Iná tí ó kọjú sókè kò mú olè; ojú onílé ni ó ń fọ́, òjìji tí ó sì dá sílẹ̀ ni olè ń sá pamọ́ sí. Ẹ fi ìdérí bò ó lórí, kí ó kọjú sílẹ̀. Ìlú Flagstaff ní Amẹ́ríkà ti ń fi òfin de iná àṣejù láti 1958, kò sì di igbó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àìsí iná mànàmáná ti bá wa yanjú ọ̀ràn náà. Ìyà ni òkùnkùn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀wọ̀ fún ìràwọ̀. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ìlú tí Ẹ̀gbá tẹ̀dó lábẹ́ Olúmọ ní 1830 ní iná tí ó tó, kí ó sì mọ ibi tí iná náà ń lọ. Kí ìjọba tó ra iná ojú títì mìíràn, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ìdérí.