Pípa, Ìpalẹ̀mọ́ àti Àtúnjí: Èdè-Ìperí fún Ìṣàkóso Ẹ̀rọ Apèsè láti Ọ̀nà Jíjìn

Láti 1984 tí ìdìpọ̀ kìn-ín-ní Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, ti jáde, tí ìdìpọ̀ kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1990, kò sí ẹni tó tún lè fi gbogbo ẹnu sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ lè fi kọ́ni ní gírámà tàbí lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ kò tíì rí bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ pọ̀ níye, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ oríkì ju orúkọ lọ. Bí wọ́n bá sì dé ibi tí iṣẹ́ náà ti jinlẹ̀, níbi tí àṣìlò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti lè ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù jẹ́, oríkì kò ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́.

Ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìṣàkóso ẹ̀rọ apèsè láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀rọ apèsè ni kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn máa ń tọ̀ wá láti gba ìwé, èsì ìdánwò, lẹ́tà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà fún ará Àkókó. Láti 1999 tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fìdí kalẹ̀ sí Àkùngbá, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996 tí ti Adó sì di ti Èkìtì, ojú ọ̀nà tó lọ láti Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà ti di ọ̀nà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ yunifásítì. Kí ènìyàn kan máa ṣiṣẹ́ ní Àkùngbá kí ó sì máa gbé ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà, kò ṣe àjèjì. Bí ẹ̀rọ apèsè kan bá dákú ní Àkùngbá ní agogo méjì òru, ṣé kí olùtọ́jú rẹ̀ dìde ní Ọ̀kà kó wá ọkọ̀ ni? Kò pọn dandan. Ó lè jókòó sílé, kí ó tẹ àṣẹ kan sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí àṣẹ náà gba ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ti yunifásítì lọ bá ẹ̀rọ náà, kí ó pa á, kí ó sì tún tàn án, láìsí pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kan bọ́tìnnì.

Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe ni pé kọ̀ǹpútà kékeré mìíràn wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá náà, tó ní ọpọlọ tirẹ̀, tó sì sábà máa ń ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ sí ìta. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣáà ti wà lára wáyà tó lọ sínú ẹ̀rọ náà, kékeré yìí kì í sùn, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ti pa ńlá. Òun ló ń ka bí ara ẹ̀rọ ṣe gbóná tó, bí fáànù ṣe ń yára yí sí, àti iye iná tó ń wọlé. Òun ló sì ń kọ ohun gbogbo tó bá ṣẹlẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Ní 1998 ni ilé-iṣẹ́ mẹ́rin, Intel, Dell, Hewlett-Packard àti NEC, fi ìlànà kan lélẹ̀ tí wọ́n pè ní IPMI, kí àṣẹ kan náà lè yé irú kọ̀ǹpútà kékeré bẹ́ẹ̀ láìka ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sí. Ẹ̀dà kejì ìlànà náà jáde ní 2004. Irinṣẹ́ tí àwọn olùtọ́jú mọ̀ jù fún títẹ àwọn àṣẹ náà ni ipmitool. Láti 2015 ni ìlànà tuntun kan, Redfish, ti ń gba ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ kò tíì kúrò nílẹ̀.

Kí ni kí Yorùbá pe kọ̀ǹpútà kékeré yìí? Ẹni tó bá túmọ̀ orúkọ tí Òyìnbó pè é ní ẹyọ ẹyọ yóò kọ ohun kan bí ‘olùdarí àmójútó pátákó ìsàlẹ̀’, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìmọ ohun tí wọ́n kọ. Ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n rán mọ́ ara ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ méjì ló wá sọ́kàn ẹni tó bá ronú láti inú ilé. Àkọ́kọ́ ni ọdẹ, nítorí pé ọdẹ adúgbò ni kì í sùn nígbà tí onílé bá sùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì rọrùn. Àléébù rẹ̀ ni pé ọdẹ kò ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ìta ló ń ṣọ́. Kọ̀ǹpútà kékeré yìí wà nínú ilé, ó ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá, ó lè jí onílé, ó sì lè pa iná mọ́ ọn lójú.

Ọ̀rọ̀ kejì ni adelé, ẹni tó ń delé de onílé. Èyí ló sàn jù. Àwọn ará Àkókó àti Èkìtì kò nílò àlàyé lórí rẹ̀, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ìlú wọn, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin ọba ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe adelé títí ọba mìíràn yóò fi jẹ. Gbogbo ìlú mọ̀ pé adelé kì í ṣe ọba, wọ́n sì mọ̀ pé àṣẹ rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn kan lè wí pé adelé máa ń kúrò nípò nígbà tí ọba bá gorí ìtẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kékeré kì í kúrò nígbà tí ńlá bá jí. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, kò sí orúkọ tó bá ohun tó ń jẹ́ ẹ dọ́gba délẹ̀délẹ̀, ohun tí adelé sì mú wá sọ́kàn, pé agbára ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Kí wọ́n pè é ní adelé ẹ̀rọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti léwu jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Nínú ìlànà náà, ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olùtọ́jú lè gbà fi iná dààmú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá tẹ ‘chassis power off’, iná kú lójú ẹsẹ̀, ohun yòówù kí ẹ̀rọ máa kọ lọ́wọ́. Bí ó bá tẹ ‘chassis power soft’, adelé á ṣe bí ẹni pé ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì ara ẹ̀rọ. Ètò ìṣiṣẹ́ á gbọ́, á tọ́jú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á ti àwọn fáìlì, lẹ́yìn náà ni iná á tó kú. ‘Cycle’ á pa iná fún ó kéré tán ìṣẹ́jú-àáyá kan, á sì tún tàn án. ‘Reset’ kò pa iná rárá. Ó kàn mú kí ọpọlọ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá túmọ̀ méjì àkọ́kọ́ sí ‘pa ẹ̀rọ’, tó sì túmọ̀ méjì ìkẹyìn sí ‘tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀’, ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ohun tó lè ba èsì ìdánwò odidi ẹ̀ka kan jẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Kò sí àríyànjiyàn ìmọ̀ èdè nínú èyí. Ohun ìní ẹlòmíràn ló wà nínú rẹ̀.

Yorùbá kò sì ṣaláìní ọ̀rọ̀ tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí iná àtùpà ṣe ń kú bí wọ́n bá fẹ́ ẹ ni ‘off’ rí: pípa nìyẹn, kí wọ́n má sì lo ọ̀rọ̀ náà fún ohun mìíràn. Ti ‘soft’ yàtọ̀. Obìnrin tó ń tajà ní ọjà Ìkàrẹ́ kì í kàn dìde lọ bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ó ń ka owó, ó ń kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀, ó ń bo èyí tó yẹ kó bò, kí ó tó gbé ẹrù. Ó ń palẹ̀mọ́ ni. Ìpalẹ̀mọ́ ni orúkọ tó bá ‘soft’ mu, nítorí pé ó ní ètò nínú, ó ń gba àkókò, ó sì lè kùnà bí ẹni tó yẹ kó palẹ̀mọ́ kò bá gbọ́ ìpè. Fún ‘cycle’, pípa-tàn tó. Fún ‘reset’, àtúnjí sàn ju àtúnbẹ̀rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí wọ́n tún jí kò kú tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń sọ pé ẹ̀rọ ‘ti họ́ọ̀ngì’ bí kò bá dáhùn mọ́. Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ àyálò náà, ṣùgbọ́n ó dákú ṣe kedere jù ú lọ, ó sì ń rán olùtọ́jú létí pé ẹni tó dákú kì í gbọ́ ìpè ìpalẹ̀mọ́, àti pé àtúnjí ni kí ó kọ́kọ́ gbìyànjú kí ó tó ronú kan pípa.

Ọ̀rọ̀ ‘power’ fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ẹ̀gẹ́. Olùtumọ̀ tó ti ka ìwé físíìsì yóò sáré kọ agbára. Ṣùgbọ́n bí adelé bá ròyìn pé ‘chassis power is off’, kò sọ pé ẹ̀rọ kò lágbára. Ó ní wọn kò tan iná rẹ̀. Iná ni kí wọ́n kọ, ‘iná ẹ̀rọ wà ní pípa’. Àwọn ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin iná tí wọ́n pa àti iná tí wọ́n mú lọ ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí. Bí àwọn oníná bá mú iná lọ ní Àkùngbá, tí bátìrì tán, tí wọn kò sì tan jẹnẹrétọ̀, adelé pẹ̀lú ti sùn, kò sì sí àṣẹ tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ láti Ọ̀kà tí yóò jí i. Ìwé tí Òyìnbó kọ kì í sábà tẹnu mọ́ èyí, nítorí pé iná kì í sábà lọ lọ́dọ̀ wọn. Ìwé tí Yorùbá bá kọ gbọ́dọ̀ fi í sí ojú ewé kìn-ín-ní.

Àwọn àṣẹ tí wọ́n ń tẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan ti ń kọ ‘ìlà àṣẹ’. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mọ ohun tí ìlà ń wá níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé fún iṣẹ́ tí wọ́n fi fóònù tẹ̀ ránṣẹ́, àṣẹ àtẹ̀ránṣẹ́ yóò yé ọmọdé àti àgbà. Àṣẹ gangan ni kí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí pé ẹ̀rọ kò gbọ́ Yorùbá. Àlàyé rẹ̀ nìkan ló yẹ kí wọ́n túmọ̀. Ìlànà kan náà ló yẹ kó mú kí wọ́n fi ayárabíàṣá sílẹ̀ fún àwọn akéwì. Ẹ̀rọ wo ni kò yára bí àṣá lónìí? Ní Àkókó pàápàá, níbi tí ọmọ Àkùnnù tàbí Arígidì ti ń gbọ́ èdè mìíràn nílé kó tó dé ilé-ìwé, tí Yorùbá ìwé sì jẹ́ èdè kejì fún un, orúkọ tó dúró lórí oríkì máa ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò yẹ kí olùkọ́ fò dá. Ní 2013, Dan Farmer fi hàn pé bí ìlànà 2004 náà ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wò lè jẹ́ kí àjèjì gba àmì tó ti inú ọ̀rọ̀ náà jáde, kí ó sì jókòó sílé máa wá ìdí rẹ̀ títí yóò fi rí i. Ọ̀pọ̀ adelé ló sì jáde láti ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Ní oṣù keje ọdún náà ni ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ojú adelé hàn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka ‘olùdarí àmójútó pátákó ìsàlẹ̀’ kò ní rí ewu kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé adelé wà nínú ilé, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sójú títì, yóò dìde lọ tì í.

Orúkọ tí wọ́n máa pe ẹ̀rọ ńlá náà fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú àríyànjiyàn. Àwọn kan fẹ́ ẹ̀rọ ìránṣẹ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Òyìnbó rí i. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ni ẹni tí wọ́n ń rán, ẹ̀rọ yìí kì í sì í lọ síbi kankan, àwọn ẹlòmíràn ló ń tọ̀ ọ́ wá, bí wọ́n ṣe ń tọ olóúnjẹ lọ. Apèsè tí wọ́n lò níhìn-ín bá iṣẹ́ náà mu, àfi pé ó lè dàrú mọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì. Kí àwọn olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sójú pátákó láìṣàlàyé, kí wọ́n sì bi àwọn ọmọ kíláàsì wọn pé kí ni wọ́n rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Èyí tí àwọn ọmọ Arígidì bá mọ̀ láìbéèrè ni kí ìgbìmọ̀ fi ọwọ́ sí.