Ó Ha Tọ́ Kí Ọmọ Onígbàgbọ́ Ka Ìwé Iwin Bí?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi àwa olùkọ́ ní àdúgbò Ìwó Road ní Ìbàdàn níhìn-ín, tí ó sì yẹ kí a fi sùúrù dáhùn. Wọ́n ní: ọmọ tí a ti ṣe ìrìbọmi fún, tí ó ń kọ́ kátíkísìmù, ó ha tọ́ kí a fi ìwé tí ó kún fún iwin àti ọdẹ olóògùn lé e lọ́wọ́ bí? Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni ìwé tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Òbí mìíràn a gbà á lọ́wọ́ ọmọ, a sì gbé e sí orí àjà. Èrò tèmi ni pé kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ó dá a padà fún ọmọ, kí òun náà sì jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹni tí ó kọ ọ́. A bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ní Òkè-Igbó ní 1903. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, iṣẹ́ náà ni ó sì ń ṣe nígbà tí ilé ìtẹ̀wé C.M.S. tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1938. Kí ó tó kọ ọ́, ìwé ìrìnàjò mìíràn ti wà ní èdè wa, èyíinì ni Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, tí John Bunyan kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1678. Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ni David Hinderer, òjíṣẹ́ C.M.S. tí òun àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn yìí ní 1853.

Nítorí náà kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí a bá bá ipa ẹsẹ̀ Bíbélì nínú igbó Fágúnwà. Nígbà tí ìpọ́njú dé bá Àkàrà-ògùn, obìnrin kan tí à ń pè ní Ìrànlọ́wọ́ wá ràn án lọ́wọ́. Ta ni yóò ka èyí tí kò ní rántí áńgẹ́lì tí ó tọ Èlíjà wá ní ijù? Nígbà tí àwọn ọdẹ sì dé Òkè Lángbòdó, Ìrágbèje kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ méje nínú ilé olójúlé méje. Iye ọjọ́ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti ka ìwé Gẹ́nẹ́sísì.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ṣùgbọ́n irọ́ ni, iwin kì í bá ènìyàn jìjàkadì.” Ẹ dákun, ẹ ṣí ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 9, níbi tí Jótámù ti pa òwe àwọn igi tí ń wá ẹni tí yóò jọba lórí wọn. Kò sí ẹni tí ó pe Jótámù ní òpùrọ́. Ní ti oògùn, ẹ má ṣe fi pamọ́ fún ọmọ pé Àkàrà-ògùn ń lò ó. Ẹ sọ ọ́ fún un gbangba, kí ẹ sì fi hàn án bí ìwé náà ti ń dá ọ̀rọ̀ padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run léraléra. Ẹni tí ó ka ìtàn Sọ́ọ̀lù ní Ẹ́ńdórì kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di abókùúsọ̀rọ̀.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí mo fẹ́ kí àwọn òbí ṣàkíyèsí ju gbogbo èyí lọ. Èrò mímọ́ ti Bunyan fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, ó ti ìka bọ etí kí ó má baà gbọ́ igbe aya àti àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì padà mọ́. Nínú apá kejì ìwé náà, tí ó jáde ní 1684, àwọn ni ó tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ òdodo ni, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fi ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn wọ ìjọba Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọba ni ó rán àwọn ọdẹ Fágúnwà, ire ìlú ni wọ́n bá lọ, Àkàrà-ògùn sì padà wá sílé láti ròyìn. Òkè Lángbòdó kì í ṣe ọ̀run. Ó jọ ilẹ̀ Kénáánì nínú Númérì orí 13, níbi tí àwọn amí 12 ti lọ, tí ọkùnrin méjì sì fi ọ̀pá gbé ìdì èso àjàrà kan ṣoṣo bọ̀, kí àwọn tí ó wà ní ibùdó lè rí i.

Ìlú wa kò lè ṣe aláìní ẹ̀kọ́ kejì yìí. Ẹni tí ó bá dúró ní oríta Ìwó Road yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tí ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, àti àwọn mìíràn tí ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí òkè òkun. A kò lè dí wọn lọ́nà, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ ti mọ̀ láti kékeré pé ìrìnàjò kan wà tí ènìyàn ń lọ fún ọkàn ara rẹ̀, òmíràn sì wà tí ó ń lọ nítorí àwọn ará ilé, àti pé Ọlọ́run ni ó ni méjèèjì.

Báwo ni kí a ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ? Ẹ kọ́ ọ lọ́dọ̀ Nátánì wòlíì. Ó pa ìtàn abo ọ̀dọ́ àgùntàn fún Dáfídì títí dé òpin, ó jẹ́ kí inú bí ọba nítorí tálákà náà, lẹ́yìn èyí ni ó tó sọ ẹni tí ìtàn náà ń bá wí. Bí ó bá ti kọ́kọ́ sọ ọ́ ni, Dáfídì ìbá ti di etí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni C. S. Lewis ṣe ní 1950 nínú ìwé rẹ̀ The Lion, the Witch and the Wardrobe: kìnnìún kan kú dípò ọmọkùnrin tí ó da àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, ó sì jí dìde, síbẹ̀ òǹkọ̀wé kò dárúkọ Olúwa wa. Ọmọ yóò kọ́kọ́ sunkún fún kìnnìún náà. Ní ọjọ́ Ẹtì Rere ni yóò wá mọ ẹni tí ó ti ń sunkún fún.

Nítorí náà, ẹ má ṣe já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ìtàn. Ẹ má ṣe sọ gbogbo iwin di Sátánì, kí ẹ má sì sọ gbogbo òkè di Sínáì. Àgbẹ̀ tí ó gbin ẹ̀bù kì í tú ebè wò lójoojúmọ́ bóyá ó ti hù. Ní alẹ́, lẹ́yìn àdúrà, ẹ jẹ́ kí ọmọ kà á sókè, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan péré: “Èwo nínú ìtàn Bíbélì ni èyí mú ọ rántí, níbo ni wọ́n sì ti yàtọ̀?” Bí kò bá rí ìdáhùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Kí Olúwa bùkún ìwé kíkà ní ilé yín. Àmín.