Ewé Ń Pani

Ó tó gẹ́ẹ́. Èèyàn ò lè wọ dánfó ní Mile 12, ní Èkó, mọ́ kó má pàdé ọkùnrin kan tó gbé páálí oògùn Ṣáínà dání, tó ń pariwo pé: “Ẹ̀yin ará mi, ewé àti egbò lásán ni, kò ní side effect!” Ká tó dé Kétu, ìtọ̀ ṣúgà, jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìrọ́mọbí ti rí ìwòsàn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èrò á sì máa mi orí. Wọ́n ní ohun tí Ọlọ́run dá kì í pani, pé kẹ́míkà òyìnbó ló ń ba kíndìnrín jẹ́. Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn. Mi ò ní í bá wọn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ohun tí Ọlọ́run dá kì í pani? Kí ló dé tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, tí a ń fún omi rẹ̀ dànù, ká tó yan án ní gàrí? Ọlọ́run náà ló dá sáyánáìdì inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kíndìnrín yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Ní Brussels, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé ìwòsàn kan ń fún àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn ní oògùn tí wọ́n po egbò Ṣáínà mọ́. Egbò tí wọ́n rò pé àwọn ń fún wọn ni Stephania tetrandra, tí àwọn Ṣáínà ń pè ní fang ji. Èyí tó wọlé ni Aristolochia fangchi, guang fang ji. Orúkọ jọra, ìṣe ò jọra. Ásíìdì inú Aristolochia ń jẹ kíndìnrín bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé. Ní 1993, dókítà Vanherweghem àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Nígbà tó yá, àwọn tó kó sí i lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan di ẹni tí ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún, wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín àwọn mìíràn, jẹjẹrẹ tún yọ lọ́nà ìtọ̀ àwọn kan. Egbò lásán ni o! Ilẹ̀ ló ti hù!

Kò sì ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kíndìnrín kì í pariwo títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tó wá ń jẹ́rìí nínú ọkọ̀ pé òun ti lò ó fún oṣù mẹ́ta, pé ara òun le koko, kí ló rí? Ṣé ó rí kíndìnrín ara rẹ̀ ni? Ní Brussels, dókítà mọ ẹni tó lò ó àti ohun tó lò, ìyẹn ni àṣírí fi tú. Níbí ńkọ́? Olóògùn ti sọ̀ kalẹ̀ kí inú tó run yín. Ta ló kọ orúkọ yín sílẹ̀?

Àwọn Ṣáínà ti ń lò ó tipẹ́? Wọ́n ti lo Aristolochia náà tipẹ́. Ó ní nọ́ńbà NAFDAC? Ẹ ka ìlà tíńtín tó wà lára ọ̀pọ̀ páálí náà: NAFDAC kò tíì yẹ iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Gbogbo ara ló ń tọ́jú? Ẹni tó ń tọ́jú gbogbo ara á bi yín bí ẹ ṣe ń sùn, ohun tí ẹ ń jẹ, oògùn mìíràn tí ẹ ń lò. Ohun kan ṣoṣo tí tiwa ń bèèrè ni ṣéńjì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì pè mí ní ọ̀tá ewé. Inú ìwé tí Ge Hong, oníṣègùn Ṣáínà àtijọ́, kọ ní ohun tó lé ní 1,600 ọdún sẹ́yìn ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ṣáínà, Tu Youyou, ti ka ọ̀rọ̀ ewé qinghao. Ó yọ artemisinin lára rẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mu ún, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ìdílé artemisinin ni oògùn ibà tí ẹ ń rà ní kẹ́mísìtì. Ohun kan náà ni mo ń bèèrè lọ́wọ́ olóògùn inú ọkọ̀ àti alágbo ẹ̀gbẹ́ ọjà: ewé wo ni, ìwọ̀n wo, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ìjọba Èkó ní ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi alágbo yín bóyá orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.