Àkọtọ́ Àtijọ́, Kọ̀ǹpútà àti Olùkọ́ Yorùbá

Ẹni tó bá gba òpópónà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ kọjá yóò rí orúkọ wọ̀nyí lórí pátákó: Lekki, Ajah, Sangotedo. Olùkọ́ Yorùbá kì í rí irú wọn kó má fura. Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974 kò gba kọ́ńsónáǹtì kan náà ní ìtẹ̀léra, bíi kk inú Lekki. H ìparí Ajah kò sì ní iṣẹ́ kankan. Irú àkọtọ́ bẹ́ẹ̀ ló kún inú àwọn ìwé àtijọ́ tí a ń tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà lónìí. Ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó máa tún un ṣe?

Ọ̀nà wà. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń lo regular expression, ìyẹn àpèjúwe bátànì lẹ́tà tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ wá rí. Ohun tí a bá fi sínú àkámọ́, ẹ̀rọ yóò dì í mú. Àmì \1 ni a ó fi pè é padà. Nínú Microsoft Word, lẹ́yìn tí a bá ti yan Use wildcards, bí a bá ní kí ó wá ([bdfkt])\1, kí ó sì fi \1 rọ́pò rẹ̀, Lekki yóò di Leki, Offa yóò di Ofa. Bí atẹ̀wé bá sì tẹ ~ sẹ́yìn fáwẹ̀lì tí ìwé àtijọ́ fi àmì náà sí lórí, ([aeiouẹọ])~ àti \1\1 yóò sọ o~gun di oogun.

Síbẹ̀, èrò mi ni pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti oníkọ̀ǹpútà nìkan. Tiwa gan-an ni. Ta ni yóò kìlọ̀ pé kí a má fi fáwẹ̀lì sínú òfin àkọ́kọ́? Bí a bá fi í sí i, oogun tí aláìsàn ń wá yóò di ogun. Bí a bá fi n sí i, aránmúpè aṣesílébù inú nǹkan yóò sọnù. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé orúkọ Ṣàngó ló wà nínú Sangotedo. Bí a bá yọ h kúrò lára Ajah, ṣé ajá ló kù ni, àbí àjà? Ẹnu ọmọ onílẹ̀ nìkan ni a ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nítorí náà, ó yẹ kí a fi ẹ̀kọ́ yìí kún iṣẹ́ àkọtọ́ tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìwé, kí wọ́n sì yẹ ìrọ́pò kọ̀ọ̀kan wò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ láìmọ èdè lè ba igba ojú ìwé jẹ́ kí ó tó ṣẹ́jú.